Alùpùpù Mi Ń Kú Lójú Ọ̀nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Alùpùpù tí bàbá mi fi sílẹ̀, tí wọ́n ṣe ní 1974, ti pẹ́ nílẹ̀ kí n tó gbé e jáde. Láàárọ̀, àfi kí n fa choke kó tó sítáàtì. Bí mo bá dá a padà, á kú. Tí mo bá gbé e sọ́nà, á sáré dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá máa fà tìkọ̀, á sì kú. Bí mo bá sinmi díẹ̀, á tún ṣiṣẹ́. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Iná ni àbí epo?

ÌDÁHÙN: Epo ni mo fura sí. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń náwó sórí púlọ́ọ̀gì tí kò ṣẹ̀. Àìsàn méjì ló ń ṣe é, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ti ojú ọ̀nà, ẹ wo ọmọrí táńkì. Ihò tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá dí i, epo ò ní lè ṣàn mọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé. Ìyẹn ló fi ń tún ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá tún kú, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ ṣí ọmọrí yẹn. Tó bá dún "fìì", tó sì sítáàtì lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè. Tí kò bá dún, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ẹ kì í bọ ìgò, kẹ́ ẹ ṣí táàpù abẹ́ táńkì. Tí epo bá ń kán tó-tó-tó, ìpẹtà ti dí asẹ́ táàpù. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí rárá.

Ti choke ńkọ́? Jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kábúrétọ̀ ni, ìyẹn idẹ oníhò tí epo ń gbà kọjá. Bẹntiróòlù tó pẹ́ níbẹ̀ á gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀, ihò náà ò sì tó ìdajì mìlímítà. Epo tó ń gbà á kọjá ò wá tó nǹkan. Choke tó ń dín afẹ́fẹ́ kù ló ń bò ó láṣìírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́! Idẹ ni, ó rọ̀. Tí ihò yẹn bá fẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á máa mu epo yó, kò sì ní ṣe é tún ṣe. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ihò yẹn gbọ́dọ̀ hàn roboto. Bẹ́ ẹ ṣe ṣí kábúrétọ̀, ẹ yọ ohun tó ń léfòó nínú epo rẹ̀, kẹ́ ẹ mì í létí yín. Tí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu.

Ṣùgbọ́n táńkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀, kẹ́ ẹ da epo àtijọ́ yẹn kúrò pátápátá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpẹtà inú rẹ̀ á tún padà dí jẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.