Kí ló dé tí máàsì tí mo ṣírò kò bá ti orí òṣùwọ̀n mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Mo so ìwọ̀n onísípíríǹgì mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, mo sì ń fà á. Orí 18 newton, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń wọn ipá, ni ìwọ̀n náà dúró sí. Láti ìdúró, kẹ̀kẹ́ náà rin mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá 4. Kílógíráàmù 36 ni ìṣirò mi gbé jáde fún máàsì rẹ̀, ìyẹn bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àmọ́ nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí òṣùwọ̀n, 24 ni mo bá. Ibo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làákàyè. Inú mi dùn pé ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kí ẹ tó gba ìṣirò yín gbọ́.

Òfin tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687 ni ẹ lò: ipá dọ́gba pẹ̀lú máàsì lọ́nà ìyárasí, ìyẹn bí eré nǹkan ṣe ń pọ̀ sí i. Tí ẹ bá fi ìyárasí pín ipá, máàsì ló máa jáde. Ìyárasí yín tọ̀nà. Nígbà tó jẹ́ pé ojú kan ni kẹ̀kẹ́ ti gbéra, ìlọ́po méjì ọ̀nà tó rìn, ìyẹn 8, lẹ máa fi 4 lọ́nà 4, ìyẹn 16, pín. Ó di 0.5. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn fi 4 pín 4, wọ́n á ní 1 ni. Ìyẹn kì í ṣe ìyárasí rárá, eré tó ń sá ní ìpíndọ́gba ni.

18 yẹn gan-an ni ìṣòro wà. Lóòótọ́ lẹ fi 18 newton fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ sínú eré kẹ̀kẹ́ náà. Táyà ń fara ra ilẹ̀, irin àárín rẹ̀ náà ń ha ara wọn, wọ́n sì ń fà á sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń fà á síwájú. Ipá tí òfin Newton ń sọ ni èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti àwọn afàsẹ́yìn wọ̀nyí kúrò. Kílógíráàmù 24 lọ́nà 0.5 jẹ́ newton 12. Nítorí náà, 6 ló bá ọ̀nà lọ.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kẹ̀kẹ́ náà fà lórí ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kí eré rẹ̀ má yí padà: kó má pọ̀ sí i, kó má dín kù. Bí eré kò ti lé sí i yẹn, afàsẹ́yìn nìkan ni ọwọ́ yín ń bá jà, iye rẹ̀ gan-an sì ni ìwọ̀n yóò fi hàn. Ó yẹ kó wà ní àyíká 6. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 18, kí ẹ fi 0.5 pín 12 tó kù.

Bí ẹ bá ń fà á, ẹ jẹ́ kí okùn náà tẹ́jú bí ilẹ̀. Bó bá dagun sókè, díẹ̀ lára ipá yín á máa gbé kẹ̀kẹ́ náà dípò kó máa fà á. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nítorí ìka tó ń tẹ aago kì í fìgbà gbogbo yá bákan náà.