Ṣé kókó ọrùn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè mú kí okùn ohùn rọ, kó má lè mira mọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò wọ́pọ̀. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí okùn ohùn gba ẹ̀yìn táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà níwájú ọrùn, kọjá. Bí kókó olómi inú táírọ́ìdì bá ṣẹ̀jẹ̀ sínú, ó lè wú lójijì, kó tẹ iṣan yẹn mọ́lẹ̀. Ohùn á há, omi téèyàn bá mu á máa ṣìnà sí ọ̀nà èémí, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè rí dókítà. Jẹjẹrẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú wo okùn ohùn, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ fa omi kókó náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá yọ kókó náà, ohùn lè padà bọ̀ sípò.