Ṣé òótọ́ ni pé ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà bẹnu àtẹ́ lu ààrẹ wọn nítorí ìjà orí òkun láyé àtijọ́?

Òótọ́ ni, wọn ò sì fi bò. Èyí tó lókìkí jù ni ti John Adams, ààrẹ kejì, nígbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà àti ti Faransé ń kọlu ara wọn láti 1798 sí 1800, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde ogun.

Ìwé ìròyìn Aurora ní Philadelphia ló le jù. Benjamin Franklin Bache, ọmọ ọmọ Benjamin Franklin, ló ń darí rẹ̀. Ó ní ṣe ni Adams ń wá ogun, pé ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe. Kò mọ síbẹ̀ o, ó tún pè é ní arúgbó apárí tí kò léyín lẹ́nu. (Èébú pọ́ńbélé!) Wọ́n mú Bache ní Òkúdù 1798. Nígbà tó di Agẹmọ ni òfin Sedition, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ èké tó ń ba ìjọba lórúkọ jẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2, owó ìtanràn tó lè tó 2,000 dọ́là. Ibà pọ́njú pa Bache ní Ọ̀wẹwẹ̀, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. William Duane gba ibẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ní 1800, òfin yìí kan náà mú Thomas Cooper, òǹkọ̀wé kan tó ń ta ko Adams, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 àti 400 dọ́là gbára. Lára ohun tó kọ ni pé Adams di ẹrù owó ọkọ̀ ogun ojú omi lé ìlú lórí, àti pé ó fa atukọ̀ Jonathan Robbins, tó ní ọmọ Amẹ́ríkà lòun, lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Àwọn tó wà lẹ́yìn Adams pàápàá yí padà nígbà tó rán aṣojú lọ bá Faransé ṣàdéhùn. William Cobbett ti ìwé ìròyìn Porcupine's Gazette wà lára wọn.