Ṣé ó tọ́ kí n máa da wáàsì oníwáàsì tà?

Ìbéèrè: Àṣàláámù àlékúmù, Àfáà. Inú mẹ́mórì káàdì ni mo máa ń da wáàsì sí tà ní Ìwó. Àfáà kan ránṣẹ́ pé kí n yéé ta tòun. Mo ní ìmọ̀ Ọlọ́hun ni, ta ló ni ín? Ṣé mo jẹ̀bi ni?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàláámù. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ni ìmọ̀ ẹ̀sìn. Bí àpẹẹrẹ, ohun tí àfáà náà bá sọ lórí sàká, o lè sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, kò gbọdọ̀ dí ọ lọ́wọ́. Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ pé ẹni tí wọ́n bi ní ìmọ̀ tó fi pa mọ́, ìjánu iná ni wọn ó fi sí i lẹ́nu ní ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn tí ẹlòmíràn náwó gbà sílẹ̀ lò ń tà, ọmọ mi. Ó sanwó fún ẹni tó ya fídíò, ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ti fi òru ka kìtáábù kó tó jókòó sórí àga. O da gbogbo rẹ̀ sínú káàdì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, owó sì wọ àpò rẹ nìkan. Súrátù Nisáí, áyà 29, ní ká má fi èrú jẹ dúkìá ara wa, àfi òwò tí a jọ yọ́nú sí. Ìyọ́nú yẹn gan-an ni kò sí nínú òwò rẹ.

Àwọn àgbà kan lágbo Hánáfì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ń gbà túmọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, sọ pé ohun tí a kò lè fọwọ́ bà kì í ṣe dúkìá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ n kò gbà. Ní Kuwait, lóṣù Kejìlá 1988, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì (ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn) ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí pinnu pé ìwé téèyàn kọ, ohun tó hùmọ̀ àti àmì ọjà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tó níye lórí, sàríà sì dáàbò bò ó. Bí owó oníṣẹ́ kò bá padà wọlé, kí ni yóò fi ṣe òmíràn? Àwa tí à ń gbọ́ ni yóò pàdánù. Ẹ̀tọ́ náà sì lópin, òfin Nàìjíríà pàápàá kò ti ìwé pa títí ayé: àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ó di ti gbogbo ayé.

Lọ bá àfáà náà, kí ẹ dúnàádúrà. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pín in fún sàdákà, pín in, má tà á. Ní ti èyí tí o ti tà, ìsìtígífáárù (títọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun) nìkan kò tó, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni. Ànábì ní ká tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ lónìí, kó tó di ọjọ́ tí kò ní sí dínárì tàbí dírámù. San án, tàbí kí o ní kó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ. Bó bá ti kú, àwọn àrólé rẹ̀ ni kí o lọ bá.