Àwòrán mi mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí ló ń bà á jẹ́ nínú géèmù?

Ìbéèrè: Làfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ni mo wà. Àwa mẹ́ta là ń ṣe géèmù fóònù kan, èmi ni mò ń ya àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin aláró kan ló ń sáré láti Ìtòkú lọ sí Òkè Olúmọ. Lórí Krita, ètò tí mo fi ń yàwòrán, àwòrán mi máa ń mọ́ kedere. Tó bá ti wọnú Godot, ètò tí a fi ń kọ́ géèmù náà, etí rẹ̀ á funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun là á, ojú rẹ̀ á sì máa ṣe bàìbàì. Ẹni tó ń kọ kóòdù wa tún ní àwòrán mi ló jẹ́ kí géèmù wúwo, bẹ́ẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan ò ju 300 kílóbáìtì lọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Yíyà yín ò burú. Ibi tí àwòrán ti kúrò lọ́wọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi etí funfun bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé orí ìpele (layer) funfun lẹ ti ya ọmọ náà, tí ẹ wá yọ funfun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Píksẹ́lì (ẹyọ àmì kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán) tó wà ní etí kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo: àwọ̀ aṣọ ọmọ náà àti funfun ti pò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ti lọ, àmọ́ funfun tó ti wọ etí ò lọ. Orí ìpele tó ṣófo pátá ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ohun kejì ni pé píksẹ́lì tí ojú ò rí rárá ṣì ní àwọ̀ tó fi pamọ́. Bí fóònù bá ń po àwọn píksẹ́lì tó múlé ti ara wọn kí etí lè jọ̀lọ̀, ó ń bù nínú àwọ̀ ìpamọ́ yẹn. Ní ojú Import nínú Godot, ẹ wo Fix Alpha Border, èyí tó ń tún àwọ̀ ìpamọ́ etí ṣe. Ó máa ń wà ní títàn, àmọ́ ẹnì kan lè ti pa á. Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ gbé ìpele aláwọ̀ aró sẹ́yìn ọmọ náà, kí ẹ fà á tóbi dé 400%. Funfun tó sá pamọ́ á yọjú lórí aró.

Ti bàìbàì, ìwọ̀n ló fà á. Bí ojú géèmù bá jẹ́ 1920 sí 1080, tí ọmọ náà sì gba ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, 270 píksẹ́lì ni gíga rẹ̀. Bí ẹ bá yà á ní 150, ẹ̀rọ á fà á, á sì ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá yà á ní 3000, ìlà tín-ín-rín á já, á sì máa ṣẹ́jú bí ọmọ náà bá ń rìn. Ẹ yà á ní 540, kí ẹ dín in kù sí 270 fúnra yín, kí ẹ sì tún ojú àti ìka rẹ̀ ṣe ní ìwọ̀n yẹn.

Ìwúwo ńkọ́? PNG, irú fáìlì tí àwòrán yín wà nínú rẹ̀, ń ká àwòrán pọ̀ sínú ibi ìpamọ́ ni. Bó bá dénú géèmù, tí ẹ ò bá yan ọ̀nà ìfúnpọ̀ kankan fún un, ó máa tú: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á gba báìtì mẹ́rin, títí kan èyí tó ṣófo. Fréèmù (àwòrán ìṣísẹ̀ kan nínú eré) 1024 sí 1024 kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 4. Eré sísá oní-fréèmù 12 á wá jẹ́ 48, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ gé afẹ́fẹ́ náà. Kí ẹ wá to àwọn fréèmù sórí àwòrán ńlá kan, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Yàrá 256 ní fífẹ̀, 340 ní gíga, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní òòró: gbogbo 12 á wọ ojú ìwé 1024 kan ṣoṣo, 48 á di 4. Ẹ jẹ́ kí píksẹ́lì 2 ó kéré tán ṣófo ní etí yàrá kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ fréèmù òkè á hàn lórí ti ìsàlẹ̀. Ibì kan náà ni kí ilẹ̀ wà nínú gbogbo yàrá, kí ọmọ náà má baà máa ta pọ́ún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àdìrẹ Ìtòkú bo ògiri, ẹ má ya ògiri gígùn. Ẹ ya igun mẹ́rin 256 kan tí ẹ̀rọ á máa tún tẹ̀. Ẹ tẹ W nínú Krita, etí ọ̀tún á bá ti òsì pàdé lójú yín, ẹ ó sì rí ibi tí kò dọ́gba. Ẹ wá ẹ̀kán láfún tí aládìrẹ fi ya aṣọ, èyí tó tóbi ju ìyókù lọ, kí ẹ pa á rẹ́: lórí aṣọ, ẹwà ni, àmọ́ bí ẹ̀rọ bá tún un tẹ̀ nígbà ogún, òun nìkan ni ojú á máa rí. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ aládìrẹ kan lẹ yà fótò rẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Orúkọ fáìlì: lẹ́tà kékeré, láìsí àlàfo, láìsí àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀. omo_sare_01.png dára. Windows ò ka Omo àti omo sí ọ̀tọ̀, Android kà wọ́n sí ọ̀tọ̀. Bí orúkọ tó wà nínú kóòdù bá yàtọ̀ sí ti fáìlì báyìí, àwòrán á hàn lórí kọ̀ǹpútà, á sì sọnù lórí fóònù.

Ẹ ò bi mí léyìí, ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i: iye àwòrán, iye ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe láìgba owó kún un, àti ọjọ́ owó. Bó bá jẹ́ pé ìpín nínú èrè ni wọ́n fẹ́ fún yín, ẹ kọ ọ́ bóyá kí Google Play tó mú tirẹ̀ ni, tàbí lẹ́yìn tó bá ti mú un.