Ṣé ojú ọjọ́ Abẹ́òkúta ti yí padà ni, tí òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní oṣù kẹjọ?

Rárá o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń pọ̀ níbí lọ́dún: oṣù kẹfà wọ oṣù keje, lẹ́yìn náà oṣù kẹsàn-án wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Láàárín méjèèjì, òjò ńlá á ti sún lọ sí Òkè Ọya, omi òkun apá ọ̀dọ̀ wa á tutù, ojú ọ̀run á kàn máa ṣú dẹ̀dẹ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí àdìrẹ tí wọ́n bá sá ní Ìtòkú kì í fi í tètè gbẹ, bí òjò ò tilẹ̀ kán.

Ẹ má fi wé ti èṣí nìkan. Ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ọdún, 1991 sí 2020, ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń wọn oṣù kan. Oṣù kan ṣoṣo tó gbẹ ò tíì tó ẹ̀rí àyípadà, àfi tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra.

Oṣù kẹsàn-án gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín wà lẹ́bàá Odò Ògùn.