Kí ló dé tí glutamate kì í pa ọpọlọ wa?

Ẹni tó bèèrè láti Ṣágámù ní, bí glutamate, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bá lè pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, báwo la ṣe ń yè é?

Iṣẹ́ astrocyte ni, sẹ́ẹ̀lì alátìlẹyìn tó fara ti ibi tí neuron, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń jíṣẹ́, ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí neuron bá ti tú glutamate jáde láti fi jíṣẹ́, kíá ni astrocyte á fà á mọ́ra. Ẹ́ńsáìmù kan nínú rẹ̀ á so ammonia mọ́ ọn, á di glutamine, tí kò lè ru neuron sókè. Ẹ rántí ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a dì sápò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di gààrí Ìjẹ̀bú: májèlé inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dínkù ná. Glutamine á wá padà sọ́dọ̀ neuron, á tún di glutamate.

Iṣẹ́ yìí ń jẹ agbára gan-an o. Nítorí náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣàdédé wọ́, ẹ má fi falẹ̀ nílé rárá, torí ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke): bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ, agbára á tán, glutamate á kún ìta, kálísíọ́mù á ya wọ inú neuron, á sì pa á.